Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo ni gìtá ṣe dé inú jùjú?

Ṣé Èkó ni wọ́n ti ṣe gìtá ni? Rárá o!

1. Sípéènì ló ti gbilẹ̀. Okùn onípele mẹ́rin ló kọ́kọ́ ní, ó di márùn-ún, kó tó di okùn mẹ́fà.

2. Lẹ́yìn 1850, Antonio de Torres, aṣe-gìtá ará Sípéènì, fún un ní ìrísí tí a mọ̀ lónìí.

3. Àwọn Kru, atukọ̀ Làìbéríà, tan ọ̀nà títa gìtá ká etíkun wa, dé ìdí ẹmu.

4. Lẹ́yìn 1930, Túndé King gbé jùjú jáde l'Ékòó láti inú orin ìdí ẹmu yìí.

5. 1949: Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ jùjú.

6. 1957: I.K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ní Ọ̀ṣun wa níbí, dá ẹgbẹ́ jùjú Morning Star sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá àti Ìlá, onígìtá wo lẹ fẹ́ràn jù? Ẹ dárúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì pín in fáwọn ọ̀rẹ́ yín!