Àṣẹ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ìrántí Àwọn Òkú

Ní ìlú Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà ń jókòó sí; Capitol ni orúkọ rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni gbọ̀ngàn róbótó kan wà, tí a ń pè ní Rotunda, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 96, tí gíga rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 180. Níbẹ̀ ni Ààrẹ Jimmy Carter ti sọ̀rọ̀ ní ọdún 1979, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ìrántí àwọn Júù 6,000,000 tí ìjọba Hitler pa. Lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a ti tan àbẹ́là mẹ́fà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún 1,000,000 òkú.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó lọ́lá tó, tí ó lè dá ṣí gbọ̀ngàn náà fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. A ní láti mú àbá wá sí Ilé Aṣojú tí ó ní ènìyàn 435, àti sí Ilé Alàgbà tí ó ní 100. Ilé méjèèjì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan náà. A kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ, nítorí kì í ṣe òfin fún ará ìlú, bí kò ṣe àṣẹ lórí ilé àwọn aṣòfin fúnra wọn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èéṣe tí a fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ nítorí àyè ìjókòó? Èsì rẹ̀ ni pé ilé gbogbo ènìyàn ni. Nígbà tí àwọn aṣojú gbogbo ènìyàn bá sì fọwọ́ sí i, ìrántí náà di ti orílẹ̀-èdè.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ọdún 1939, Robert Wagner àti Edith Rogers mú àbá wá síwájú ìgbìmọ̀ yìí kan náà, pé kí a gba 20,000 ọmọdé láti ilẹ̀ Jámánì wọlé. Àbá náà kò dé ibi tí a ti ń dìbò. Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ilé tí ó gba ìrántí òkú láàyè ní láti wo ẹ̀yìn, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè nípa alààyè tí ó ń kan ilẹ̀kùn lónìí.