Ṣéènì Ni, àbí Dìndi Wúrà? Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Góòlù Pamọ́

Ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ìyá ló ka góòlù ọrùn àti ọwọ́ wọn sí owó ìpamọ́. Owó ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ṣéènì ti san owó iṣẹ́ ọnà mọ́ owó góòlù. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, òṣùwọ̀n ni wọ́n máa gbé e lé. Kò sẹ́ni tó máa dá owó ọnà padà. Ìdí nìyí táwọn mìíràn fi ń ra dìndi wúrà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wúrà wà nílẹ̀ Kwara: àwọn èèyàn ń fọwọ́ wà á ní Kaiama àti Pátígi. Ní Ṣẹ́gilọlá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, iléeṣẹ́ Thor Explorations ti ń fi ẹ̀rọ wà á láti ọdún 2021. Èyí tó ń ti ibi ìwakùsà jáde kò tíì mọ́. Fàdákà àti bàbà ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ nínú iná tó ju 1,064°C lọ, wọ́n á fẹ́ kúlórínì sí i kí ìdàrọ́ lè yọ sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́ dé 999.9 nínú 1,000, iná mànàmáná ni wọ́n tún fi ń yọ́ ọ mọ́. Wọ́n ń da èyí tó tóbi sínú mọ́ọ̀dù. Wọ́n ń tẹ kékeré pẹlẹbẹ, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Wúrà táwọn èèyàn ń fọwọ́ wà náà ti di dìndi rí. Ní July 2020, wọ́n gbé wúrà kílò 12.5 táwọn awakùsà afọwọ́wà wà jáde fún Ààrẹ Buhari. Báńkì àpapọ̀, CBN, rà á ní mílíọ̀nù 268 náírà.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ wo òǹtẹ̀: orúkọ iléeṣẹ́, ìwọ̀n, bó ṣe mọ́ tó àti nọ́ńbà. LBMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò wúrà àti fàdákà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tí ọjà àgbáyé gbà. Bí dìndi bá ṣe kéré tó ni owó gíráàmù kan ṣe ń wọ́n tó. Kárátì 22 jẹ́ 916 nínú 1,000; kárátì 18 jẹ́ 750.

Ẹ lè fi omi dán an wò. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi okùn ri dìndi gíráàmù 10 sínú rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ojúlówó á fi nǹkan bíi 0.52 gíráàmù kún un. Idẹ á ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n irin tungsten wúwo bíi wúrà, omi kò lè tú u fó. Ẹ̀rọ ló lè tú u fó.

Fún Mùsùlùmí, sàká náà wà ńbẹ̀. Ní mẹ́súhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Mọ́líkì, góòlù tí obìnrin ń lò lára kò ní sàká. Ṣùgbọ́n dìndi tó tó gíráàmù 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ yín, ní sàká ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún: lórí gíráàmù 100, ẹ máa yọ gíráàmù 2.5 lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ èrè yín kí ẹ tó sanwó.