Wọ́n Lé Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Tuntun: Kí Ni Ẹ̀tọ́ Mi?

Ìwé yìí wà fún ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá fi ní kó máa lọ: ọmọbìnrin tó ń tajà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, akọ̀wé, awakọ̀ ilé-iṣẹ́, ọlọ́dẹ, òṣìṣẹ́ fakitírí. Ohun tí irú wọn sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ̀tọ́ wo lo ní?" Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ẹnì kan lórí àdéhùn pé yóò sanwó ni òfin Nàìjíríà ti mọ̀ yín ní òṣìṣẹ́. A kò ní tàn yín jẹ: ẹ̀tọ́ ẹni tuntun kéré sí ti ẹni tó ti pẹ́. Àmọ́ èyí tó jẹ́ tiyín, ó yẹ kó pé lọ́wọ́ yín.

Ẹ má tètè fọwọ́ síwèé

Ọkàn ẹni kì í balẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá léni níṣẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gbé ìwé síwájú òṣìṣẹ́ pé kó fọwọ́ sí i kó tó gbowó. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, pé ẹ kò tún ní ohunkóhun í gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà mọ́, tí owó kò sì tíì pé, ẹ má fọwọ́ sí i. Tó bá sì di dandan kí ẹ fọwọ́ sí nǹkan kí ẹ tó rí ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ san, ẹ kọ iye tí ẹ gbà, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti iye tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì fi fóònù ya ìwé náà.

Èyí tó tún léwu jù ni kí wọ́n ní kí ẹ̀yin fúnra yín kọ̀wé pé ẹ fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ kò lè kọ ọ́. Ẹni tó bá ti kọ ọ́, yóò ṣòro fún un lẹ́yìn ọ̀la láti sọ pé ńṣe ni wọ́n lé òun.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó jáde: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ọ̀gá sọ lórí WhatsApp, álẹ́ẹ̀tì owó oṣù láti báńkì, káàdì ìdánimọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè rẹ̀. Ìwé yín ni, kì í ṣe ohun ìdógò.

"Mi ò gba ìwé kankan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tí à ń gbọ́ jù nìyí. Òfin tó de ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, Labour Act, sọ pé àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni. Òfin yìí kan náà ló pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, kó ti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, owó tí yóò máa gbà, wákàtí iṣẹ́, àti nótíìsì tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì bí wọ́n bá fẹ́ pínyà. Agbanisíṣẹ́ tí kò ṣe é ló rúfin, ẹ̀yin kọ́.

Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni Labour Act wà fún. Kò kan máníjà, ẹnjiníà, akáúńtáǹtì àti irú wọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tiwọn ni òfin tiwọn. Tí ìwé náà kò bá sọ iye ọjọ́ nótíìsì, ilé ẹjọ́ ni yóò wo èyí tó bójú mu fún irú ipò bẹ́ẹ̀.

Nótíìsì àti owó

Bí ẹ kò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbi iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ kan ni Labour Act ní kí wọ́n fún yín. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín bá fún yín ní ọjọ́ tó ju èyí lọ, èyí tó pọ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó wà lákòókò ìdánwò, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní probéṣọ̀n, náà ní nótíìsì tirẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀ lè san owó àwọn ọjọ́ náà dípò. Ìgbà tí kò fi ní nílò nótíìsì ni tí òṣìṣẹ́ bá hu ìwà tó burú gan-an.

A mọ̀ pé ọjọ́ kan kò tó nǹkan. Owó tó ṣe pàtàkì jù ni ti iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, òun ni wọ́n sì sábà máa ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń tajà n'Íbàdàn. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦78,000, ọjọ́ 26 ló fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ìyẹn ₦3,000 lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n ní kó máa lọ, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ 11 sórí owó oṣù tó gbà kẹ́yìn. ₦33,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ₦3,000 sì ni ti nótíìsì. ₦36,000 ni wọ́n jẹ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ tó o lọ́wọ́ kí nótíìsì náà tó parí, kì í ṣe "tí oṣù bá parí, padà wá".

Ká ní wọ́n wá sọ fún un pé ọjà kan sọnù, pé àwọn ti yọ owó rẹ̀. Wọn kò lè dá yọ ọ́. Kí agbanisíṣẹ́ tó yọ owó ohun tó sọnù tàbí tó bàjẹ́ nínú owó òṣìṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó ṣàìbìkítà, kí ọ́fíìsà láti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n lè yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ, ìyẹn apá kan nínú mẹ́ta.

Wọ́n tún máa ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bani. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí pé àdéhùn lásán bàjẹ́. Kò sì gbà kí wọ́n mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá, nítorí náà kí onídùúró yín má ṣe sá kúrò nílé. Àmọ́ bí ẹ̀sùn olè bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, ẹ wá lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ṣé dandan ni kí wọ́n sọ ìdí?

Labour Act kò fi dandan lé e. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ti sọ nínú àwọn ìdájọ́ kan pé kò bójú mu mọ́ láti lé òṣìṣẹ́ láìsọ ìdí, àmọ́ àwọn adájọ́ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀sùn kàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ mọ ẹ̀sùn náà, kí ẹ sì fèsì.

Àwọn ìdí kan wà tí òfin kọ̀ pátápátá. Wọn kò gbọ́dọ̀ lé yín nítorí pé ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé lé obìnrin tó wà nínú ìsinmi ìbímọ. Òfin ọdún 2014 sì dáàbò bo ẹni tó ní kòkòrò HIV.

Ibi tí ẹ lè gbà

Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà: ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n lé yín, iye tí wọ́n jẹ yín. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Wọ́n lè pe ọ̀gá náà wá sórí tábìlì. L'Ékòó, Citizens Mediation Centre máa ń làjà lọ́fẹ̀ẹ́, Office of the Public Defender sì ń gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Legal Aid Council wà fún irú wọn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ jókòó sí Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn ìlú mìíràn. Kí ẹ tó lọ, ẹ mọ̀ pé bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni, ilé ẹjọ́ kì í sábà dá òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó nótíìsì àti owó tí wọ́n jẹ yín ni wọ́n sábà máa ń dájọ́ fún. Owó lọ́yà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀nà ìlàjà. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin dáàbò bo ipò rẹ̀ yàtọ̀: ilé ẹjọ́ lè dá a padà, bí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ṣe nínú ẹjọ́ Yunifásítì Èkó ní 1985.

Tí wọ́n bá ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó yín, ẹ wò ó bóyá ó wọlé sínú àkáǹtì yín: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ yín, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè béèrè fún ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀. Àkáǹtì náà kì í yí padà. Òun náà ni ọ̀gá tuntun yóò máa sanwó sí.