Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọṣẹ́: Ìdí Tí A Kò Fi Gbọdọ̀ Ju Ìwé Owó Wa Nù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìpara! Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní kí a pa ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn pásíbúùkù, tì. Ẹ ní kí ni a tún ń fi bíírò kọ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà lọ́fíìsì, tí fóònù sì ń dún lápò bí owó bá ti wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kí a tó dìbò lé e lórí, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ojú akọ̀wé ti rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìdáwó kan, iná lọ lójijì. Nígbà tó padà dé, kọ̀ǹpútà wa kò tàn mọ́. Ẹni tí a gbé e lọ bá ní háàdì díìsì rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, ti bàjẹ́. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà o, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni mo tọ́jú ẹ̀dà sí. Ẹ̀bi mi ni, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé owó yín ló kó wa yọ. A ní kí kálukú mú tirẹ̀ wá, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a ti kọ lẹ́jà wa padà. Àwọn tí ìdààmú bá ni àwọn tí kò mú ìwé wá fún ìfọwọ́sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá kan nínú wa fi ọjọ́ mẹ́rin wá bébà báńkì kiri kí ó tó lè fi hàn pé òun ti san ẹ̀yáwó òun tán.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ń tẹ̀ lọ́wọ́, iná ló gbé e ró. Bí iná bá lọ kí a tó tọ́jú rẹ̀, ó lọ nìyẹn. Ohun tí a ti tọ́jú wà nínú háàdì díìsì, ṣùgbọ́n òun náà ń gbó, ooru ń bà á jẹ́, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń bà á jẹ́.

Ẹ má sì rò pé nítorí pé a wà ní Ìpara ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Èkó. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì dojú rú, tíránsífà há. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún àwọn okùn náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó rí ọ̀nà mìíràn gbà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún kan náà, iléeṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà, tó ń bá ènìyàn ṣọ́ kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Microsoft ní kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú káàkiri ayé. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi fa àtúnṣe náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó ti dákú, ọwọ́ ni wọ́n fi tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Íńdíà, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù fi bíírò kọ ìwé ìwọlé fún èrò. Ẹ ò rí i pé bíírò kò tíì di ohun ẹ̀gàn!

Nítorí náà, ohun tí a ó máa ṣe lọ́fíìsì nìyí:

1. Bí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, a kò ní máa tàn án, kí a máa pa á léraléra. A ó pè ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí a má baà ba ìyókù jẹ́.

2. Ìdáwó kò ní dúró. A ó kọ orúkọ, iye owó, àkókò àti nọ́ńbà rìsíìtì sínú bébà ọjọ́ náà, akápò àti akọ̀wé yóò sì jọ fọwọ́ sí i.

3. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, a ó tẹ̀lé nọ́ńbà rìsíìtì tẹ àkọsílẹ̀ wọlé, kí a má baà kọ owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá owó ọwọ́ akápò mu.

4. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́fíìsì, òmíràn yóò wà nínú fíláàṣì nílé akápò, a ó sì máa tẹ ọ̀kan jáde sórí bébà lóṣooṣù. A ó máa ṣí èyí tó wà nínú fíláàṣì wò, nítorí ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí kì í ṣe ẹ̀dà.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí tíránsífà yín bá há, ẹ má sáré fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kù nínú àkáǹtì yín, ẹ pa nọ́ńbà tíránsífà náà mọ́, kí ẹ sì bi báńkì yín. Ẹ máa mú ìwé owó yín wá lóṣooṣù, kí ẹ rí i pé a fọwọ́ sí i.

Èmi kò bá kọ̀ǹpútà jà o. Ó mú iṣẹ́ wa yá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ padà sí àròpọ̀ orí ìka. Ohun tí mò ń sọ ni pé àkọsílẹ̀ tó wà níbì kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn kó gbogbo owó rẹ̀ sápò kan ni. Ìwé ọwọ́ yín ni ẹ̀rí tí iná kò lè pa. Ẹ rò ó wò kí a tó pàdé láti dìbò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́