Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Èémí tó ń dúró lójú oorun lẹ́yìn ìkọlù ọkàn

Bí èémí bá ń dúró lójú oorun fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 15 lọ láàárín wákàtí kan, dókítà kì í fojú kékeré wò ó. Àmọ́ iye tí wọ́n kà lọ́sẹ̀ ìkọlù ọkàn lè yí padà. Ẹ wo aláìsàn náà lórí bẹ́ẹ̀dì: ó fẹ̀yìn lélẹ̀ ṣáá, oògùn ìrora bíi mọ́fíìnì lè dẹ èémí rẹ̀, omi tó wà lẹ́sẹ̀ a sì máa ṣàn wá sọ́rùn lóru, a fún ọ̀nà ọ̀fun. Ọkàn tó ti rẹ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ falẹ̀, ọpọlọ wá ń ṣi ìṣirò mímí. Bí ọkàn bá ṣe ń kọ́fẹ ní oṣù mélòó kan, irú ti ọpọlọ yìí sábà máa ń dín kù. Ti ọ̀fun, pàápàá lára ẹni tó sanra lọ́rùn, kì í tètè lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ìkọlù náà.

Ẹnìkan lè ní, bó bá máa lọ fúnra rẹ̀, kí la fẹ́ fi àyẹ̀wò ṣe? Ọ́síjìn tó ń já wálẹ̀ lóru ń ni ọkàn tó légbò lára, ó yẹ ká mọ̀. Ohun tí mò ń takò ni kí wọ́n fi àyẹ̀wò ọjọ́ kẹta dájọ́ ayérayé. Ìwádìí ISAACC ní Sípéènì, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí kì í tòògbé lọ́sàn-án ní ẹ̀rọ CPAP, tó ń gba inú ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sọ́fun kó má bàa dí; kò dín ìkọlù mìíràn kù. Òótọ́ ni pé, ní ìpíndọ́gba, wọn ò lò ó tó wákàtí 3 lóru (ta ló fẹ́ fi ìbòmú sùn?). Ẹni tó ń tòògbé lọ́sàn-án ṣì lè jàǹfààní rẹ̀, àmọ́ kó tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta.