Iye Orí Abúlé àti Ọ̀nà Mọ́tò ní Ilẹ̀ Índíà

Ní oṣù yìí a fẹ́ mú yín dé ilẹ̀ Índíà, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà abúlé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn níbẹ̀ ní 2011, àwọn ará ìgbèríko nìkan tó bí mílíọ̀nù 833. Abúlé tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju 640,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti di ahoro. Ìwé ìkànìyàn wọn kò mọ sí iye orí o. Fún abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ bóyá bọ́ọ̀sì ń wọ ibẹ̀, bóyá réluwè wà. Bí kò bá sí, wọn á kọ bó ti jìnnà tó: kò tó kìlómítà 5, ó wà láàárín 5 sí 10, tàbí ó ju 10 lọ. Lójú akọ̀wé, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni èyí. Lójú aboyún tó ń rọbí lóru, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ní 25 Disẹ́ńbà 2000, lábẹ́ Olórí Ìjọba Atal Bihari Vajpayee, wọ́n dá ètò ọ̀nà ìgbèríko sílẹ̀, Pradhan Mantri Gram Sadak Yojana. (Ó gùn lẹ́nu, àbí?) Ohun tí ètò náà wí ni pé kí àwùjọ ilé tó bá ní ènìyàn 500 sókè ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà kan tí mọ́tò lè gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ní ilẹ̀ olókè àti ní aṣálẹ̀, 250 ti tó. Ìkànìyàn 2001 ni òṣùwọ̀n, àwọn tó ju 1,000 lọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn.

Ẹ wá wò ó. Ibi tó ní ènìyàn 510 wọlé. Èyí tó ní 490, bí ẹrẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jìn jù, kó dúró ná. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ ṣá: ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn abà tí kò ju ìdajì kìlómítà síra wọn lè ka orí wọn pọ̀. Ó dára lójú tiwa.

Kí ló dé tí wọ́n fi tẹnu mọ́ òjò? Láti Júùnù dé Sẹ̀tẹ́ńbà ni òjò ńlá wọn ń rọ̀, ọ̀nà erùpẹ̀ a sì di odò. Ní Kaira, ní Gujarat, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníwàrà sílẹ̀ ní 1946, èyí tí ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Amul. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé wàrà wá sí ibi ìkójọ abúlé, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á yẹ ọ̀rá inú rẹ̀ wò, ọkọ̀ á wá gbé e. Kòkó gbígbẹ lè dúró nínú àpò de lọ́rì. Wàrà á kan.

Síbẹ̀, kí a má sọ ọ̀nà di oògùn gbogbonìṣe. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Sam Asher àti Paul Novosad, fi àwọn abúlé tó kọjá òṣùwọ̀n yẹn díẹ̀ wé àwọn tí kò tó o díẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n ní ọ̀nà mú kí ọ̀pọ̀ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n èrè oko àti dúkìá ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kò yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ọ̀nà kì í yáni lówó, kì í sì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2024 ìjọba fọwọ́ sí ìpele kẹrin ètò náà, fún ibùgbé 25,000, pẹ̀lú iye orí ti 2011. Ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2021 ni àrùn Kòrónà dá dúró. Ní 2025 wọ́n kéde pé ó di 2027. Ọmọ tí wọ́n bí ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ ní 2012 ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì kí orúkọ rẹ̀ tó wọ inú iye tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà.