Tútù Kò Túmọ̀ sí Aláìléwu: Èdè-Ìperí fún Ìrẹláwọ̀ Bakitéríà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀kọ́ nípa bakitéríà tí a kò gbọdọ̀ túmọ̀ ní wàràwàrà. Òun ni orúkọ ọ̀nà ‘tútù’ tí a fi ń ṣe àwárí bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ. Bí a bá kun ògiri lọ́dà, ojú ògiri ni ọ̀dà ń wà. Bí a bá rẹ aṣọ láró, aró a wọ inú òwú lọ. Inú bakitéríà ni àwọ̀ ń wọ̀. Nítorí náà, *ìrẹláwọ̀* ni a dábàá, kì í ṣe *ìkunláwọ̀*.

Ara bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀rá bí ìda, àwọ̀ kì í sì í tètè wọ̀ ọ́. Ní ọ̀nà Ziehl-Neelsen, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1880, a ó da fúksíìnì pupa tí a pò mọ́ fínọ́ọ̀lù sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó sì fi iná yá a títí oru yóò fi máa rú, láìjẹ́ kí ó hó. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àdàlù ásíìdì àti ẹtanọ́ọ̀lù ṣàn án. Àwọ̀ ara ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn a ṣí. Ti eléyìí kì í ṣí. *Adàwọ̀mú* ni a pè é.

Ewu ọ̀nà yìí hàn kedere: oru fínọ́ọ̀lù ń rú, iná sì wà nítòsí ẹtanọ́ọ̀lù tí ó tètè ń gbiná. Ní 1915, Kinyoun, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí kò lo iná. Ṣùgbọ́n ó fi kún ìwọ̀n fúksíìnì àti fínọ́ọ̀lù láti dípò ooru. Fínọ́ọ̀lù a máa jó awọ ara, a máa gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ojú ibẹ̀ kú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jó kò fi ní tètè mọ̀ ọ́n lára.

Níbi yìí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ‘tútù’ ju òdì-kejì gbígbóná lọ: ènìyàn tútù kì í pani lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ‘ìrẹláwọ̀ tútù’ lè bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá *ìrẹláwọ̀ aláìlo-iná*. Ó sọ ohun tí a mú kúrò, kò sì ṣèlérí ohun tí kò sí. Kí a sì kọ *ajónilára-láìgbóná* sára ìgò fínọ́ọ̀lù.

A ń retí èrò àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.